Oríkèé kan ṣoṣo: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí pùròtéènì padà lára ewéko àti bakitéríà

Àsọyé tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn òbí àti àwọn àgbẹ̀ nìyí. Mo tún un kọ díẹ̀ kó lè ṣe é kà, àmọ́ mo fi ẹnu tí mo fi sọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó.

Mo gbé agolo mílíìkì méjì wá. Ẹ̀wà ló wà nínú méjèèjì, lórí òwú tútù, bí olùkọ́ ṣe ní ká ṣe é nígbà tí a wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni mo gbìn wọ́n. Ọ̀kan wà lójú fèrèsé, èkejì wà nínú páálí tí mo fi aṣọ dúdú bò mọ́lẹ̀. Ẹ wò wọ́n. Ti ojú fèrèsé kúrú, ó ki, ewé rẹ̀ là, ó dúdú minimini. Ti inú páálí ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ fíìfíì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀kọ funfun, orí rẹ̀ sì tẹ̀ kodoro bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó iṣu pamọ́ ti rí irú rẹ̀ lára iṣu tó ta nínú òkùnkùn.

Àìsàn kọ́ ló ṣe é. Ọgbọ́n ni. Ẹ̀wà tó gbà pé abẹ́ ilẹ̀ lòun ṣì wà kò ní fi ewé jẹ̀lẹ́ńkẹ́ gún yẹ̀pẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ni yóò fi tì í, yóò sì fi gbogbo oúnjẹ tó bá a wáyé ga, títí yóò fi jáde.

Mo ti wá ṣí páálí náà níwájú yín báyìí. Kí n tó parí gbólóhùn tí mo wà lẹ́nu rẹ̀ yìí, nǹkan ti yí padà nínú ẹ̀wà yẹn. Ojú wa kò tíì lè rí i. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn: ohun tí kò lójú, tí kò ní ọpọlọ, báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Èsì mi kò gùn. Nǹkan kékeré kan ló yí ní oríkèé kan. Bí yíyí kékeré yẹn ṣe ń di ńlá ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́túùsì. Ní 1952, Harry Borthwick, Sterling Hendricks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní Beltsville, ìpínlẹ̀ Maryland, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí hóró lẹ́túùsì. Irú lẹ́túùsì yẹn, tí o bá rẹ hóró rẹ̀ sómi tí o gbé e sókùnkùn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní hù. Tan iná pupa sí i fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, yóò hù. Pupa mìíràn sì wà ní ìkangun òṣùmàrè, níbi tí ojú èèyàn kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan mọ́. Pupa ìkẹyìn ni mo máa pè é lónìí. Tí wọ́n bá tan pupa, tí wọ́n wá tan pupa ìkẹyìn tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ hóró á padà sùn. Wọ́n tún tan pupa, wọ́n jí. Wọ́n ṣe é lọ, wọ́n ṣe é bọ̀. Èyí tó bá kẹ́yìn ni hóró ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, bí ilẹ̀kùn yàrá: bí ẹni tó jáde kẹ́yìn bá ṣe fi í sílẹ̀ ni a ó ṣe bá a.

Ohun tó bá ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ní ìdúró méjì. Wọ́n rò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kò rí i. Ó di 1959 kí wọ́n tó rí i, inú àgbàdo tó hù sókùnkùn ni wọ́n sì ti rí i. Ọ̀kan nínú wọn, Karl Norris, ló mọ̀ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi wò ó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ní Beltsville ni kó máa wá ọ̀nà láti yẹ inú ẹyin wò láìfọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ibí yìí púpọ̀. Ẹni tó ń ṣa ẹyin rere kúrò lára ẹyin tó dàrú ló bá wọn rí ojú ewéko. Pùròtéènì kan ni ohun náà, Phytochrome ni wọ́n sì sọ ọ́, láti inú èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju àwọ̀ ewéko lọ. Ìdúró rẹ̀ kìíní ń gba pupa, ní nǹkan bíi nànómítà 660 (nànómítà ni ìwọ̀n tíntìntín tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀). Bó bá ti gbà á, ó di ìdúró kejì, èyí tó ń gba pupa ìkẹyìn, ní nǹkan bíi 730. Bí ìyẹn náà bá gba tirẹ̀, ó padà sí ti àkọ́kọ́.

Ó yá, kí ló wà nínú rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀? Pùròtéènì fúnra rẹ̀ kò láwọ̀. Omi funfun inú ẹyin tútù, pùròtéènì ni, ẹ sì mọ̀ pé èèyàn lè ríran gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá máa bá jà, nǹkan aláwọ̀ kékeré kan ni pùròtéènì gbọ́dọ̀ gbé pamọ́ sínú. Nínú phytochrome, nǹkan náà jẹ́ ẹbí òróòro. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa jẹ́ òrùka kan tí irin wà láàárín rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbó, ara á já òrùka yẹn, á di okùn. Okùn náà á kọ́kọ́ jẹ́ aláwọ̀ ewé, biliverdin ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà á di bilirubin, tó pọ́n bí pupa inú ẹyin. Ewéko náà ní irú òrùka yẹn lára, ó ń já a, okùn tó bá já ló ń fi ṣe ojú.

Ìyá wo ló wà níbí tí ojú ọmọ rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ kẹta tó bí i? Mo rí ọwọ́ yín, ẹ ṣeun. Bilirubin yẹn ló pọ̀ lára ọmọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára láti kó o dànù. Kí ni wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn? Wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n di nǹkan mọ́ ọn lójú, wọ́n gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ aró. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, Jean Ward, ní Rochford ní agbègbè Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ rí i pé ibi tí oòrùn ti kan ara àwọn ọmọ tí òun ń gbé jáde kì í pọ́n mọ́. Àwọn dókítà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1958. Ní Èkó tiwa níbí, àwọn oníwádìí fi ọ̀rá tó ń sẹ́ ooru àti ìtànṣán tó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá kúrò nínú oòrùn ta bí àtíbàbà, wọ́n sì jábọ̀ ní 2015 pé kò rẹlẹ̀ sí iná aró fún ọmọ tí tirẹ̀ kò le jù. Ọ̀rá pàtàkì ni o. Ẹ má lọ torí ohun tí mo sọ yìí gbé ọmọ tuntun sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ti yà sọ́nà tán, ẹ ó rò bẹ́ẹ̀. N kò yà rárá. Okùn bilirubin ká ara rẹ̀ jọ bí ìjàpá tó fà sínú ìkarawun: apá tó fẹ́ràn omi ló fi pamọ́ sínú, ìyẹn ni omi ara kò fi lè gbé e lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó yí ní oríkèé kan, láàárín kábọ̀n kẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún nínú àwọn átọ́ọ̀mù kábọ̀n tí wọ́n fún ní nọ́ńbà lára okùn náà. Bó bá ti yí, ó ṣí, omi á gbé e, ọmọ á sì kó o dànù. Ẹ mú nọ́ńbà yẹn dání, kẹẹ̀ẹ́dógún. Oríkèé yẹn gan-an, nọ́ńbà yẹn gan-an, ló ń yí nínú phytochrome ẹ̀wà tó wà lórí tábìlì yìí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè yí i? Ẹ bi káfíńtà. Tí o bá fi ìṣó kan ṣoṣo kan pákó méjì pọ̀, o lè yí ọ̀kan lórí èkejì bó ṣe wù ọ́. Kan ìṣó kejì sí i, yíyí ti tán. Ìṣó méjì ló wà láàárín kábọ̀n méjèèjì yẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ní àwọ̀ tó bá a mu á tú ìṣó kejì fún ìṣẹ́jú tí kò tó ìṣẹ́jú, pákó á yí, ìṣó á sì padà wọlé ní ìdúró tuntun. Kò gba ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ló ti parí nínú ẹ̀wà mi kí aṣọ dúdú tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ọmọ jòjòló bá yí oríkèé yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí, ìdọ̀tí jáde lára. Ti ewéko kò parí síbẹ̀. Okùn kékeré yẹn yí ìrù, ṣùgbọ́n inú pùròtéènì tó tóbi jù ú lọ fíìfíì ló wà. Báwo ni ilé ṣe máa mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ti yí nínú àgádágodo?

Ẹran agolo la ti rí èsì. Ní 1956, ní Corvallis, ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Arthur Anderson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò ó bóyá ìtànṣán gámà lè pa gbogbo kòkòrò inú ẹran agolo. Wọ́n ta á sí ẹran títí wọ́n fi gbà pé kò sí ohun alààyè kan tó lè kù síbẹ̀. Agolo kan bàjẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Bakitéríà kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni wọ́n bá nínú rẹ̀, tó ń jayé orí ẹ̀. Deinococcus radiodurans ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ìtànṣán tí yóò pa èèyàn, kódà ká sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, kò tó láti pa á. Ní 1999, ẹgbẹ́ Richard Vierstra ní Wisconsin kéde pé phytochrome wà lára bakitéríà yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí gbogbo ayé ti ń pè ní àwọ̀ ewéko láti ogójì ọdún. Okùn aláwọ̀ tirẹ̀ wá jẹ́ biliverdin gan-an, èyí tó wà lára èmi àti ẹ̀yin, kì í tún ṣe ìbátan rẹ̀.

Pùròtéènì bakitéríà rọrùn láti ṣe púpọ̀ nínú ilé ìwádìí, ó sì rọrùn láti mú kó dì bí hóró iyọ̀, kí wọ́n lè ta ẹ́síréè sí i láti mọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn ará Wisconsin yìí kan náà ló kọ́kọ́ rí àwòrán apá tó di okùn mú, ní 2005. Ohun tó wù mí jù wáyé ní 2014, nígbà tí Sebastian Westenhoff ní Sweden, Janne Ihalainen ní Finland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo phytochrome bakitéríà yìí nínú òkùnkùn, tí wọ́n tún wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n gbé àwòrán méjèèjì síra.

Ẹ fojú inú wo ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Phytochrome kì í dá dúró. Méjì ni, wọ́n so pọ̀ bí apá ẹ̀mú méjèèjì. Lára apá kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan na ara jáde, ó sì fẹnu kan ibi tí okùn aláwọ̀ wà. Ahọ́n ni àwọn onímọ̀ ń pè é, mo sì gbà fún wọn, nítorí ó ń tọ́ nǹkan wò lóòótọ́. Nínú òkùnkùn, ahọ́n yìí tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní tí a hun. Bí okùn bá yí ní kábọ̀n kẹẹ̀ẹ́dógún, ibi tí ahọ́n dì mú kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ahọ́n já, ó tún ara rẹ̀ dì mú níbòmíràn, àmọ́ kì í ṣe bí ẹní mọ́. Ó lọ́ bí wáyà tí a ká mọ́ ìka. Wáyà tí a bá ká kúrú ju èyí tó nà lọ. Ó kúrú, ó fa apá ẹ̀mú, ẹ̀mú sì là.

Ohun tó yí níbẹ̀rẹ̀ kò ju ìwọ̀n átọ́ọ̀mù kan lọ. Ibi tí ẹ̀mú là sí lókè tó nànómítà bíi mélòó kan, ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó fi agbára kún un láti ìta. Ahọ́n yẹn nìkan ló gba ohun kékeré tó sọ ọ́ di ńlá, nípa jíjá àti títún ara rẹ̀ hun. Ojú mi kò kúrò lára àwòrán méjèèjì fún ọjọ́ bíi mélòó kan nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wọn.

Ní ìparí apá ẹ̀mú bakitéríà, ibi kan wà tí ń fi fọ́sífétì ránṣẹ́, ìyẹn nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pùròtéènì bí àmì. Bí ẹ̀mú ṣe là tàbí tó pa dé ló ń sọ bóyá àmì fọ́sífétì á wà lára pùròtéènì tó kàn tàbí kò ní sí, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé inú ilé nìyẹn. Ewéko gba ọ̀nà míì. Phytochrome tó ti yí padà á wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àwọn pùròtéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa pàṣẹ pé: máa ga lọ, má la ewé, a kò tíì dé òkè. Á di àwọn wọ̀nyẹn mú, wọn á sì di jíjẹrun. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún ẹ̀wà pé kó di aláwọ̀ ewé. Wọ́n kàn lé ẹni tó ń dá a dúró lọ ni.

Kì í ṣe phytochrome nìkan ló ń fi ìrísí gbọ́ ìròyìn o. Èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀gbìn tẹ̀ sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ aró ló ń gbà. Níbẹ̀, kò sí yíyí, ńṣe ni nǹkan aláwọ̀ fi átọ́ọ̀mù kan so mọ́ pùròtéènì tó yí i ká, tí wáyà kan tó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wá tú dànù. Èyí tó wà ní ẹ̀yìn ojú àwa èèyàn, inú fítámì A ni okùn aláwọ̀ tirẹ̀ ti wá, òun náà sì ń yí ní oríkèé kan. Epo pupa tí ẹ fi se ọbẹ̀ lánàá wà lára ohun tí ẹ fi ń wò mí báyìí. Mo kàn dárúkọ wọn ni, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó àsọyé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sóko. Ewé tútù ń jẹ pupa, ó ń jẹ́ kí pupa ìkẹyìn kọjá. Àgbàdo tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣíji bò, pupa ìkẹyìn ló pọ̀ lójú rẹ̀, phytochrome rẹ̀ á máa padà sí ìdúró àkọ́kọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní àìkì, kó lè yọ orí. Ìdí nìyẹn tí àgbàdo tí a gbìn há ara wọn fi ń rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ti mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí Borthwick. Ooru náà wà níbẹ̀: láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan, phytochrome tó ti yí á máa rọra padà fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣe móoru tó ló ṣe ń yá a tó. Ní 2016, ẹgbẹ́ oníwádìí méjì fi hàn pé ewéko ń fi pùròtéènì yìí kan náà mọ bí òru ṣe gbóná sí.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni èyí àti ohun tó mú ewé dúdú minimini. Mo ní rárá. Chlorophyll ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Phytochrome ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀ ni.

Màmá àgbẹ̀ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà wá dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ kan ló kù sí mi nínú. Bí mo bá ro oko mọ́ tónítóní lónìí, kò ní pẹ́ tí èpò tuntun á fi bo ibẹ̀, èyí tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Ta ló ń gbìn ín?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Mà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn pé hóró èpò lè wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún ọdún, phytochrome wọn sì á di èyí tí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan báyìí tó láti jí. Ní Argentina ní 1991, wọ́n wo hóró kan tó jẹ́ ẹbí gègèmú. Oòrùn tó kàn án fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ti tó láti mú kó hù. Bí ọkọ́ bá dojú yẹ̀pẹ̀ bolẹ̀, hóró á rí oòrùn fìrí, á tún padà wọlẹ̀, àmọ́ ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nílẹ̀ Jámánì, ní 1990, àwọn kan jábọ̀ pé àwọn túlẹ̀ lóru, èpò ibẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ibi tí wọ́n túlẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn míì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Níbi kan ó ṣiṣẹ́, níbòmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Màmá wò mí tìtì. Wọ́n ní, "Kí n lọ ro oko lóru. Láì gbé àtùpà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Bí ẹ bá gbé àtùpà, ẹ ti bà á jẹ́."

Wọ́n ní, "Ejò ńkọ́?"

N kò rí èsì kankan fún wọn. Ọmọ wọn obìnrin ló bá mi gbé agolo ẹ̀wà méjèèjì dé ìdí ọkọ̀. Orí èyí tó wà nínú páálí ṣì tẹ̀ kodoro.